Ta Mọ́tò, Ra Kẹ̀kẹ́: Alájọ Tó Ń Ṣọ́ Àjàkálẹ̀ Àrùn

Ẹ̀yin ará àdúgbò, ẹ̀yin ará ọjà, ta ni kò mọ alájọ nínú wa? Kí ìyá eléwé tó pàtẹ tán, alájọ ti yọ láti ìdí ìsọ̀ alátà. Ìyá eléwé á fa káàdì pélébé yọ lábẹ́ ẹní, á na owó sí i, alájọ á fi bírò fa igi kan sínú ọ̀kan nínú ojú 31 tó wà lára káàdì, á sì fa irú igi kan náà sínú ìwé tirẹ̀. Igi àkọ́kọ́ nínú oṣù, ti alájọ ni. A kì í bá a jiyàn lórí ìyẹn. Tí oṣù bá parí, wọ́n á gbé káàdì àti ìwé síwájú ara wọn, iye igi á sì sọ̀rọ̀.

Ẹnì kan tún wà tí wọ́n ní kò nílò ìwé rárá. Ẹni tí làákàyè rẹ̀ bá pé, à á ní orí rẹ̀ pé bí orí alájọ Ṣómólú, tó ta mọ́tò ra kẹ̀kẹ́. Wọ́n ní baba yẹn kì í kọ orúkọ ẹnikẹ́ni sílẹ̀, orí rẹ̀ ni ìwé rẹ̀, kì í sì í ṣi owó ẹnikẹ́ni san. Mọ́tò tó tà ńkọ́? Wọ́n ní mọ́tò kò lè wọ gbogbo kọ̀rọ̀ tí àwọn oníbàárà rẹ̀ wà ni. Kẹ̀kẹ́ wọ̀ ọ́. Ẹ fi kẹ̀kẹ́ yẹn sọ́kàn, torí pé ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà àti ìlera tí mo fẹ́ bá yín sọ yìí, ọ̀rọ̀ kẹ̀kẹ́ ni ju ọ̀rọ̀ mọ́tò lọ.

Alájọ kan wà tí kì í gba owó. Ìròyìn ara ló ń gbà. Bí ẹnì kan bá kó àrùn burúkú tó ń ràn, irú bí Ẹ̀bólà tàbí ibà Lásà, àwọn òṣìṣẹ́ ìlera á kọ orúkọ gbogbo ẹni tó fara kàn án sílẹ̀: ìyàwó tó tọ́jú rẹ̀, ọmọ tó bọ́ aṣọ lọ́rùn rẹ̀, nọ́ọ̀sì tó gún un lábẹ́rẹ́. Wọn kì í pe àwọn wọ̀nyí ní aláìsàn, torí pé ara wọn le. Ṣùgbọ́n lójoojúmọ́, fún ọjọ́ 21, ẹnì kan á kanlẹ̀kùn wọn, á wọn ìgbóná ara wọn, á béèrè bóyá orí ń fọ́ wọn tàbí inú ń run wọ́n, á sì fa igi. Ìdí tó fi jẹ́ 21 ni pé Ẹ̀bólà lè sá pamọ́ sínú ara fún ọjọ́ 2 sí 21 kó tó fara hàn. Ẹni tí ojú 21 orí káàdì rẹ̀ bá pé láìsí ibà ti kó àjọ tirẹ̀ nìyẹn: ó lè máa lọ síbi tó wù ú.

Ibi tí àjọ owó àti àjọ ara ti yàtọ̀ síra ni ojú tó bá ṣófo. Tí ìyá eléwé kò bá rí owó dá lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, òun nìkan ló kàn. Owó ìparí oṣù á dín, ó tán. Nínú àjọ ara, ojú kan ṣoṣo tó ṣófo lè di ọ̀rọ̀ ìlú méjì.

Èkó rí i lọ́dún 2014. Ní ogúnjọ́ oṣù keje, ọkùnrin kan tó ti ní Ẹ̀bólà lára bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀ òfurufú ní pápákọ̀ Murtala Muhammed, ó ti Láìbéríà gba Lomé wá. Dókítà Ameyo Stella Adadevoh àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ní ọsibítù tí wọ́n gbé e lọ kò jẹ́ kó jáde, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n ń fúngun mọ́ wọn pé kí wọ́n tú u sílẹ̀. Àrùn náà pa dókítà yìí ní ọjọ́ 19 oṣù kẹjọ. Nígbà tí wọ́n fi máa ka orúkọ gbogbo ẹni tó fara kan àwọn tó ní in, ó jẹ́ 894. Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò rẹ̀ bí alájọ ṣe ń ṣe é: 894 lọ́nà 21 jẹ́ 18,774. Ìròyìn tí wọ́n sì kọ lórí àjàkálẹ̀ náà sọ pé ìgbà tí òṣìṣẹ́ ìlera lọ fojú kan àwọn èèyàn yìí tó bíi 18,500. Bí mo bá rí irú nọ́ńbà báyìí, bàtà ló kọ́kọ́ ń wá sí mi lọ́kàn. Ẹ fojú inú wo àtẹ̀gùn ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tó wà nínú rẹ̀, gọ́tà tí wọ́n fò, àti ilẹ̀kùn tí wọ́n kàn tí ará ilé dákẹ́ bí ẹni pé kò sí èèyàn nínú ilé.

Síbẹ̀, ojú kan ṣófo. Ọ̀kan nínú àwọn tí orúkọ wọn wà nínú ìwé yọ́ kúrò l'Ékòó lọ sí Port Harcourt, dókítà kan níbẹ̀ sì tọ́jú rẹ̀ ní bòókẹ́lẹ́ nínú òtẹ́ẹ̀lì. Dókítà náà kú. Ọgọ́rọ̀ọ̀rún orúkọ tuntun wọ inú ìwé ní ìpínlẹ̀ Rivers. Gbogbo ẹni tó kó àrùn náà ní Nàìjíríà jẹ́ 20, 8 kú nínú wọn, nígbà tó sì di ogúnjọ́ oṣù kẹwàá, Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé Nàìjíríà ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Gbogbo ayé yìn wá. Ìyìn náà tọ́ sí wa, ṣùgbọ́n àwọn tó ṣe iṣẹ́ náà mọ ibi tí bàtà ti ta wọ́n lẹ́sẹ̀.

Ìwé ni. Ẹni tó ń tọ àwọn èèyàn lẹ́yìn á gba orúkọ láàárọ̀, á dé lálẹ́ pẹ̀lú fọ́ọ̀mù tí òógùn ti rin, ẹlòmíì á wá jókòó sídìí kọ̀ǹpútà, á máa tẹ̀ wọ́n sínú rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Kí ọ̀gá tó mọ̀ pé ẹnikẹ́ni kò rí ẹni ogójì láti ìjẹta, onítọ̀hún ti kọjá Ṣàgámù. Lóòótọ́, wọ́n ti fi fọ́ọ̀mù sínú fóònù Android nígbà yẹn, ó sì mú kí ìròyìn máa yára dé. Ṣùgbọ́n orúkọ aláìsàn wà níbì kan, èsì àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ wà níbòmíì, orúkọ àwọn tó fara kàn án tún wà lọ́tọ̀. Ńṣe ló dà bí ìgbà tí alájọ mẹ́ta ń gba owó lọ́wọ́ ìyá eléwé kan ṣoṣo, tí ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn ní ìwé tirẹ̀, tí wọn kì í sì í pàdé.

Lẹ́yìn Ẹ̀bólà, àwọn ọmọ Nàìjíríà tó ṣe iṣẹ́ yìí, lára wọn ni Daniel Tom-Aba, àti àwọn onímọ̀ ní ilé ìwádìí Helmholtz tó wà ní Braunschweig ní Jámánì, níbi tí Gérard Krause ti jẹ́ aṣáájú nínú ìmọ̀ àjàkálẹ̀ àrùn nígbà yẹn, fi orí korí. Ohun tí wọ́n gbé jáde ni SORMAS, ètò orí kọ̀ǹpútà àti fóònù tó ń ṣọ́ àjàkálẹ̀ àrùn. Ọdún 2015 ni wọ́n gbé e lọ dán wò ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ àti Kánò. Nígbà tó yá, wọ́n ṣí i sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ fún gbogbo ayé, àti ẹ̀rọ náà àti bí wọ́n ṣe hun ún, bí ẹni tó se ọbẹ̀ tán tó tún ní kí aládùúgbò wọ ilé ìdáná wá wo iye iyọ̀ tí òun fi sí i.

Ẹ jẹ́ ká sún mọ́ ọn. Ká ní àgbẹ̀ kan ń gbé abúlé kan lẹ́bàá Ọ̀wọ̀, lágbègbè tí ibà Lásà kì í jẹ́ ká sinmi. Eku ti tọ̀ sínú gàrí tó wà nínú àpò, kò mọ̀. Ara rẹ̀ ń gbóná, ó ti lo oògùn ibà títí, ibà kò lọ. Nọ́ọ̀sì ilé ìwòsàn kékeré tó wà nítòsí fura. Lójú ìwé, á kọ fọ́ọ̀mù, á sì máa retí ẹni tó ń lọ sí ìjọba ìbílẹ̀. Níbi tí SORMAS bá ti wà lọ́wọ́ rẹ̀, á mú tábúlẹ́ẹ̀tì, fóònù pẹrẹsẹ yẹn tí kò ju àwo ìjẹun lọ, á tẹ orúkọ, ọjọ́ orí, abúlé, àti ọjọ́ tí ara bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná. Ẹni tó ń bójú tó àjàkálẹ̀ àrùn ní ìjọba ìbílẹ̀ á rí i lórí tirẹ̀. Wọ́n á rí i l'Ákùúrẹ́. Àjọ tó ń dènà àrùn nílẹ̀ wa, NCDC, á rí i l'Ábújá. Ẹnì kan kì í dúró de ẹnì kan.

Lẹ́yìn náà ni ẹ̀rọ á wá pín iṣẹ́ bí ìyálé ṣe ń pín in lọ́jọ́ ìnáwó: ìwọ, lọ wádìí ọ̀rọ̀ aláìsàn yìí, ìwọ, lọ kọ orúkọ àwọn tó fara kàn án, ìwọ, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń bọ̀ ní yàrá àyẹ̀wò, máa retí rẹ̀. Tí èsì bá jáde, inú fáìlì àgbẹ̀ yẹn náà ló ń wọ̀ sí. Láràárọ̀, ẹni tó ń ka ojú 21 yìí á ṣí tábúlẹ́ẹ̀tì, á bá orúkọ àwọn tó yẹ kó rí lónìí níbẹ̀, á sì rí èyí tí kò rí lánàá. Orí alájọ Ṣómólú kò sí lọ́rùn gbogbo wa; ẹ̀rọ yìí ń yá wa ní díẹ̀ lò.

Ohun tí mo fẹ́ràn jù níbẹ̀ kò tíì jáde lẹ́nu mi: èsì ń padà sọ́dọ̀ ẹni tó fi ìròyìn ránṣẹ́. Ìwé àtijọ́ máa ń gòkè ni, kì í sọ̀ kalẹ̀. Nọ́ọ̀sì abúlé á kọ fọ́ọ̀mù, ìjọba ìbílẹ̀ á gbà á, ìpínlẹ̀ á gbà á, Àbújá á gbà á, nọ́ọ̀sì kò sì ní gbọ́ nǹkan kan mọ́ nípa aláìsàn tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ dì mú. Ẹ wo ẹni tó ń dá àjọ tí wọn kì í kó fún. Báwo ni yóò ṣe dá a pẹ́? Ká tó ṣẹ́jú, á ti máa fi owó yíya sínú rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni fọ́ọ̀mù ìlera ṣe máa ń di ìkọkúkọ: wọ́n á jókòó lọ́jọ́ tó kẹ́yìn oṣù, wọ́n á fi àbá kún un, wọ́n á fi ránṣẹ́. A máa ń pe òṣìṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ní ọ̀lẹ. Èmi kò gbà. Ẹ fún un ní àjọ rẹ̀ kó, kí èsì àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tó fi ránṣẹ́ padà dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ẹ ó rí i bí yóò ṣe máa kọ ọ́ dáadáa.

Mo mọ̀ pé ẹ ti fẹ́ béèrè: nẹ́tíwọ̀kì ńkọ́? Abúlé tí ẹ ní láti gun orí òkúta kí fóònù tó mú, ṣé ibẹ̀ ni tábúlẹ́ẹ̀tì á ti ṣiṣẹ́? Á ṣiṣẹ́. Ẹ ti rí obìnrin tó ta iṣu l'óko, tí kò sí báńkì nítòsí. Etí ìró rẹ̀ ló ń so owó mọ́, á dé ilé kó tó tú u. Tábúlẹ́ẹ̀tì SORMAS náà á so ọ̀rọ̀ tí wọ́n tẹ̀ sínú rẹ̀ mọ́ etí aṣọ. Ibi tó bá ti kọ́kọ́ rí nẹ́tíwọ̀kì ló ti máa tú u sínú ìwé ńlá. Ẹ rí kẹ̀kẹ́ alájọ Ṣómólú níbẹ̀. Ẹ̀rọ ńlá tó jẹ́ pé ìlú tí iná kì í ti í kú nìkan ló lè lò ó, mọ́tò nìyẹn.

Ọ̀rọ̀ òṣùwọ̀n náà wà níbẹ̀, kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré. Ẹ̀yin tó ń ra ẹ̀wà mọ kóńgò tí wọ́n ti fi òòlù lu ìdí rẹ̀ wọnú. Ẹni tó ra kóńgò márùn-ún níwájú irú oníṣòwò bẹ́ẹ̀ kò ra ohun tí ẹnì kejì rà. Tí nọ́ọ̀sì kan bá ń pe gbogbo ara tó sú ní èéyi, tí èkejì kò sì ní pè é bẹ́ẹ̀ àfi tí ojú ọmọ bá pọ́n, èéyi ìjọba ìbílẹ̀ àkọ́kọ́ á pọ̀ ju ti èkejì lọ lórí ìwé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọgbọọgba ni wọ́n. Nítorí ìyẹn ni wọ́n ṣe fẹnu kò lórí kóńgò kan: ibà, kí ara sú, kí ó tún ní ikọ́, tàbí kí imú máa ṣomi, tàbí kí ojú pọ́n. Ẹ̀rọ á béèrè wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Kò sí àyè láti lu ìdí rẹ̀.

Nínú oṣù kẹsàn-án ọdún 2017, àrùn tí wọ́n ń pè ní monkeypox nígbà yẹn ṣàdédé yọ jú ní Bayelsa. Ọdún 1978 ni a ti rí i kẹ́yìn nílẹ̀ wa; ọ̀pọ̀ dókítà kò rí i rí àfi nínú ìwé. Kò sí ìbéèrè tirẹ̀ nínú SORMAS. Wọ́n fi yàrá kan kún ilé tó ti wà nílẹ̀, wọ́n kó ìbéèrè tuntun sínú rẹ̀, iṣẹ́ sì bẹ̀rẹ̀ láàárín àkókò tí a fi ń sáré kiri kó àwọn fọ́ọ̀mù tuntun jọ tẹ́lẹ̀. Yírùnyírùn, kọ́lẹ́rà àti ibà pọ́njú náà ní yàrá tiwọn nínú ilé yẹn.

Ìgbà tí kòrónà dé ni ayé wá yí po. Ọjọ́ 27 oṣù kejì ọdún 2020 ni àyẹ̀wò fi hàn pé ẹni àkọ́kọ́ ní in ní Nàìjíríà, ará Ítálì kan tó wá ṣiṣẹ́ ní ìpínlẹ̀ Ògùn, tí wọ́n tọ́jú ní Yábàá. SORMAS ti wà nílẹ̀. Ní Jámánì, níbi tí mọ́tò tó dára jù láyé ti ń jáde, ọ́fíìsì ìlera àdúgbò tó sún mọ́ 400 ló ń tọ àwọn tó fara kan aláìsàn lẹ́yìn, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì ń fi fáàsì ránṣẹ́ síra wọn: wọ́n á tẹ orúkọ sórí ìwé, wọ́n á ki ìwé bọ inú ẹ̀rọ, ìwé míì á jáde níbòmíì, ẹnì kan á tún jókòó tẹ̀ ẹ́ sínú kọ̀ǹpútà. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má rẹ́rìn-ín. Àwa náà mọ ìyà yẹn. Nínú oṣù kọkànlá ọdún náà, Angela Merkel àti àwọn olórí ìpínlẹ̀ wọn fẹnu kò pé kí ọ́fíìsì wọ̀nyí máa lo SORMAS. Bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀rọ tí ẹ̀kọ́ Èkó àti Port Harcourt bí, tí Ọ̀yọ́ àti Kánò dán wò, ṣe lọ bá wọn ní Jámánì. Ọ̀pọ̀ wọn kò yára gbà á o. Ọdún yí padà, wọn kò tíì bẹ̀rẹ̀. Àwọn kan ní ìwé tiwọn tẹ́lẹ̀, wọ́n ní alájọ tí àwọn ti mọ̀ ọ́n ná kò já àwọn kulẹ̀ rí. Ta ló lè bá wọn wí? Èèyàn kì í dédé fi alájọ rẹ̀ sílẹ̀.

Ohun tí mo bẹ̀rù níbẹ̀ kò pọ̀, ṣùgbọ́n ó wà. Alájọ tó bá ń sọ fún alátà pé báyìí ni owó ìyá eléwé ṣe pọ̀ tó, ọjà yẹn ti lé e lọ. Orúkọ ẹni tó kó àrùn wúwo ju iye owó lọ. Lẹ́yìn Ẹ̀bólà, àwọn tó là á já, tí kò sí nǹkan kan lára wọn mọ́, ṣì ń rí ẹni tí kò fẹ́ bọ̀ wọ́n lọ́wọ́. Nítorí náà, kì í ṣe gbogbo ẹni tó ní tábúlẹ́ẹ̀tì ló yẹ kó rí orúkọ gbogbo èèyàn. SORMAS pín in ní ipò ní ipò, ẹni tó wà ní yàrá àyẹ̀wò kì í rí gbogbo ohun tí ẹni tó ń kanlẹ̀kùn ń rí. Ilẹ̀kùn yẹn dára, àmọ́ ọwọ́ ẹni tí kọ́kọ́rọ́ wà ló yẹ ká máa wò.

Èkejì ni owó dátà. Àwọn tó wà nípò fẹ́ràn ọjọ́ tí wọ́n ń gé ríbọ́ọ̀nù, tí ojú kọ̀ǹpútà ńláńlá ń tàn lára ògiri. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń ti abúlé dé abúlé, tó ń fi owó ara rẹ̀ ra dátà àti epo ọ̀kadà, tó sì ń bẹ ẹni tó ní jẹnẹrétọ̀ kó bá òun fi iná sí tábúlẹ́ẹ̀tì, òun ló wà lórí kẹ̀kẹ́. Bí wọn kò bá sanwó fún un, ojú tó ṣófo ló máa kọ́kọ́ dé ọ́fíìsì, bó ti wù kí ẹ̀rọ náà gbọ́n tó.

Apá tiwa náà kù. Orúkọ wa ní ilẹ̀ Yorùbá lè da ẹ̀rọ yìí láàmú. Rísíkátù ni wọ́n kọ ní ọsibítù, Ìyá Síkírù ni ará ilé sọ, Àṣàkẹ́ ni ọkọ ń pè é, ọjà mọ̀ ọ́n sí Ìyá Oníyẹ̀rí. Ẹni kan ti di mẹ́rin nínú ìwé. Ẹ̀rọ máa ń wo ohun tó bá jọra nínú ìwé, á ní, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wò ó bóyá ẹnì kan náà ni méjì yìí. Ṣùgbọ́n èèyàn ló máa sọ bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́. Bí òṣìṣẹ́ ìlera bá kanlẹ̀kùn yín pẹ̀lú tábúlẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́, orúkọ tó wà lára NIN yín ni kí ẹ kọ́kọ́ sọ, kí ẹ tó fi èyí tí àdúgbò mọ̀ yín sí tẹ̀lé e. Ẹ fún un ní nọ́ńbà fóònù tó ń lọ, kì í ṣe ti ọmọ yín tó wà ní Ìbàdàn. Bí ilé yín kò bá sì ní nọ́ńbà, ẹ má dààmú láti máa ṣàlàyé igi ọdán àti mọ́ṣáláṣí títí ilẹ̀ á fi ṣú. Ẹ jẹ́ kó dúró lẹ́nu ọ̀nà kó tẹ bọ́tìnì kan, sátẹ́láìtì á sọ ibi tó wà fún un, ẹni tó bá sì rọ́pò rẹ̀ lọ́la á mọ ilé yín láìbèèrè.